Yíyan Kóòdù fún Àìsàn Ẹ̀jẹ̀: Ohun Tí Fáìlì Sọ Ni Kí A Kọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kóòdù kan ṣoṣo, D64.9. Ní yàrá ìwé àkọsílẹ̀ ọsibítù, òun ni ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tètè máa ń lọ bá nígbà tí dókítà bá kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kò tó. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ irú àìtó tí ó jẹ́. Kì í ṣe kóòdù tí a kà léèwọ̀, ó sì ní ìgbà tí ó tọ́ kí a lò ó. Àmọ́ bí èrò bá wọ danfo, tí ó ní Òṣòdì ni òun ń lọ, kọ̀ńdọ́kítọ̀ yóò bi í pé, "Òkè ni àbí Ìsàlẹ̀?" Òṣòdì tí a kò sọ Òkè, tí a kò sọ Ìsàlẹ̀, ni D64.9. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe ń bi fáìlì ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àti bí a ṣe ń gba ìdáhùn rẹ̀ láì fi ọ̀rọ̀ tiwa kún un.

Ìwé tí a fi ń ṣiṣẹ́ ni ICD, ìwé tí ó pín gbogbo àìsàn ayé sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jacques Bertillon, ló gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1893, nígbà tí ohun tó ń pa ènìyàn nìkan ni wọ́n fẹ́ máa kà. Ní 1948 ni ó bọ́ sọ́wọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí WHO, tí wọ́n sì fi àìsàn tí kò pa ènìyàn náà kún un. Àtúnṣe kẹwàá, ICD-10, ni wọ́n fọwọ́ sí ní 1990, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti 1994. Ìwé mẹ́ta ni. Èkíní to kóòdù tẹ̀lé ara wọn, èkejì sọ òfin, ẹ̀kẹta to orúkọ àìsàn bí A, B, D. Inú ẹ̀kẹta ni a ti ń wá orúkọ, ṣùgbọ́n inú èkíní ni a gbọ́dọ̀ parí sí. Ẹ má ṣe kọ kóòdù tí ẹ rí nínú ìwé kẹta sórí fáìlì láì ṣí ìwé kìíní, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n kọ àwọn ohun tí kóòdù náà gbà mọ́ra àti àwọn tí ó lé jáde. Ẹni tí kò bá ka "lé jáde" yẹn kò tíì yan kóòdù, ńṣe ló kàn ń méfò.

Orí kẹta nínú ìwé kìíní ni ti ẹ̀jẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti D50, ó parí sí D89.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní agbègbè Òṣòdì sí Ìsọlọ̀? Nítorí pé àìsàn ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àlejò níbí. Nǹkan bí ẹnìkan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ló ní jẹ́nótáìpù AS, ìyẹn ẹni tó gbé àbùdá fòníkú-fọ̀ladìde lára láì ṣàìsàn rẹ̀, iye tí WHO sì máa ń sọ ni pé ọmọ bí 150,000 ni à ń bí lọ́dọọdún sí orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn ìdílé láti Máfolúkù, Èjìgbò, Ìlasamàjà àti Àjàó ń gbé ọmọ wọn wá sí Ọsibítù Ìjọba tó wà ní Ìsọlọ̀ àti sí àwọn ọsibítù aládàáni tó yí i ká. Ibùdó Sickle Cell Foundation Nigeria, ẹgbẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ ní 1994, dojú kọ ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà, kò sì jìnnà sí wa. Òtútù, àìmu omi tó, àárẹ̀ àti ibà wà lára ohun tó ń fa kíráísìsì, ìyẹn ìrora tó máa ń kọlu ẹni tó ní àìsàn yìí. Ọsibítù tí kóòdù rẹ̀ bá pé lè ṣí ìwé ọdún tó kọjá, kí ó rí oṣù tí D57.0, kóòdù kíráísìsì, ti pọ̀, bóyá ìgbà òjò ni tàbí ìgbà ọyẹ́, kí ó sì ti wá ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ìrora sílẹ̀ kí oṣù náà tó tún yípo dé. Bí gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bá wà lábẹ́ D64.9, kò sí ẹni tí yóò rí wọn. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, òun ni mo sì fi ń fi sùúrù kọ́ni: ọmọ tí a kọ kóòdù rẹ̀ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù nínú ìṣirò ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ṣì dì í mú lọ́wọ́ nínú wọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a ń bi fáìlì ni: kí ló fa àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí? Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ara fi ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀ ni kò tó, D50 sí D53 ni a ó lọ: èròjà irin wà ní D50, fítámínì B12 ní D51, fólíkì ní D52. Bí ó bá jẹ́ pé ara ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀ ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa ń tètè bàjẹ́, D55 sí D59 ni. Ibẹ̀ ni G6PD wà, ní D55.0. Láti D60 sí D64 ni ti mùdùnmúdùn eegun tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ àti àwọn yòókù. Tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì, D65 sí D69 ni, kò sì kan bóyá ẹ̀jẹ̀ tó tàbí kò tó.

Ẹ wo obìnrin ọlọ́jà kan, àpẹẹrẹ lásán ni. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń pọ̀ jù fún ọdún kan, ó ń rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ funfun. Dókítà kọ ọ́ pé fáíbírọ́ìdì ló ń fa ẹ̀jẹ̀ tó ń ya, pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ya díẹ̀díẹ̀ yìí ló sì sọ PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, di kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kánjú yóò kọ D64.9. Fáìlì sì ti sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù fún ìgbà pípẹ́ jẹ́ D50.0, fáíbírọ́ìdì jẹ́ D25.9 bí dókítà kò bá sọ apá ibi tí ó wà nínú ilé ọmọ. Ẹ fi ọkùnrin tí ọkọ̀ gbá ní òpópónà Òṣòdì sí Àpápá wé e. Itan rẹ̀ kán, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà. Kóòdù eegun itan rẹ̀ ló ṣíwájú, S72, tí dókítà bá sì kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nítorí èyí tó dànù, D62 ni a ó fi tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì pàdánù ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan pàdánù tirẹ̀ láàárín ọdún kan, èkejì láàárín wákàtí kan, ìtọ́jú wọn kò sì jọra.

Ibi tí ó yẹ ká jókòó tì pẹ́ ni D57. Nọ́ńbà tó máa ń tẹ̀lé D57 lẹ́yìn àmì ìdánudúró kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ẹni tí aláìsàn jẹ́. Ẹni tó jẹ́ SS tí kíráísìsì gbé wá, D57.0 ni tirẹ̀. Ẹni tó jẹ́ SS tí ara rẹ̀ dá, tó kàn wá sí kíliníìkì láti gba fólíkì rẹ̀, D57.1 ni. Ẹni tí S bá ohun mìíràn pàdé lára rẹ̀, bíi SC tàbí S pẹ̀lú thalassaemia, D57.2 ni. D57.3 jẹ́ ti AS, nígbà tí D57.8 gba àwọn yòókù. AC kò sí nínú ìdílé yìí rárá, D58.2 ni kí ẹ ti wá a.

AS kì í ṣe aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ yín lára, nítorí ọwọ́ tó bá yẹ̀ láti orí 3 bọ́ sí orí 1 ti sọ ẹni tí ara rẹ̀ le di ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àìsàn títí ayé. Ní Èkó yìí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so tọkọtaya pọ̀ láì rí ìwé jẹ́nótáìpù. Irọ́ tó ti ọwọ́ wa jáde lè bá ọmọbìnrin kan dé iwájú pásítọ̀ àti iwájú àna. Èmi kò mọ ibòmíràn nínú iṣẹ́ wa tí nọ́ńbà kan ṣoṣo ti lè wọ inú ayé ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi etí lásán gba ọ̀rọ̀ "sickler" tí ẹ bá rí i lórí fáìlì. Àwa ará Nàìjíríà ń pe SS bẹ́ẹ̀, a sì ń pe SC náà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá èsì jẹ́nótáìpù nínú fáìlì. Ẹ tún ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ tó jẹ́ SS lára láìpẹ́ sígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni tó jẹ́ AA ṣì wà nínú iṣan rẹ̀, láàbù sì lè rí A àti S papọ̀, kí èsì náà jọ ti AS. Ẹni tí kò mọ èyí yóò wo ìwé láàbù, yóò wo ọ̀rọ̀ dókítà, yóò ní dókítà ṣàṣìṣe, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí D57.0 padà sí D57.3. Kì í ṣe iṣẹ́ wa láti dá ẹjọ́ láàárín láàbù àti dókítà. Bí ìwé méjì bá tako ara wọn, ṣe ni kí a dá fáìlì padà fún ẹni tó tọ́jú aláìsàn.

Bí a ṣe ń béèrè náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn yìí kò tó. Ṣé a ti mọ ohun tó fà á?" Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Bí ẹ bá ní, "Dókítà, ṣé kí n kọ ọ́ pé èròjà irin ni kò tó?", dókítà tí aláìsàn ogún ń dúró dè lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín ló sì wà lórí fáìlì nígbà náà, kì í ṣe tirẹ̀. Bí dókítà bá sì dáhùn pé wọn kò mọ̀ ọ́n, pé wọ́n ti gbé aláìsàn lọ sí LUTH kí èsì tó jáde, D64.9 di òtítọ́. Ẹ kọ ọ́ láì tijú.

Ìbéèrè kejì ni: èwo nínú àwọn àìsàn tí wọ́n kọ ló gbé aláìsàn wá? WHO pè é ní àìsàn àkọ́kọ́, ìyẹn àìsàn tí a dá mọ̀ nígbà tí ìtọ́jú parí, tó jẹ́ òun gan-an ló mú kí aláìsàn nílò ìtọ́jú tàbí àyẹ̀wò. Bí irú rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó gba ìnáwó àti iṣẹ́ jù lọ ni a ó mú. Ká ní wọ́n gbé ọmọ ọdún méje dé, SS ni, gbogbo eegun ń dùn ún, ara rẹ̀ gbóná, láàbù rí kòkòrò ibà falciparum, PCV rẹ̀ sì já wálẹ̀. Dókítà kọ ọ́ pé kíráísìsì ni, pé ibà ló fà á. D57.0 ṣíwájú, B50.9 tẹ̀lé e. A kò ní fi D64.9 kún un, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú D57.0 láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ AA ni ibà gbé wá, tí ibà náà le débi tí dókítà fi pè é ní ibà líle, B50.8 ló ṣíwájú níbẹ̀, kò sì sí D57 níbì kankan.

Ọ̀rọ̀ "a fura sí i" náà ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ìwé kejì WHO là á mọ́lẹ̀: bí ìtọ́jú bá parí tí dókítà ṣì kọ ọ́ pé òun fura sí àìsàn kan, tí kò sí àlàyé mìíràn, a ó kọ kóòdù àìsàn náà bí ẹni pé ó dájú. Bí àyẹ̀wò bá ti lé àìsàn náà lọ pátápátá, Z03 ni a ó wá lọ. Òfin Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí fún aláìsàn tí kò sùn sí ọsibítù, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, torí pé ti Amẹ́ríkà ni ẹ̀kọ́ kóòdù tó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ICD tiwọn, ICD-10-CM, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní October 1, 2015. Nínú tiwọn, D57 gùn ju tiwa lọ: D57.00 ni kíráísìsì tí wọn kò sọ irú rẹ̀, D57.01 ni èyí tó dé àyà. Tí ẹ bá rí kóòdù tó ní nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì lórí ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wò, ẹ kọ́kọ́ béèrè ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lò ó kí ẹ tó gbé e wá sí Ìsọlọ̀.

Ìbéèrè kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: ṣé orí mìíràn kò ní in? Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti kan ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé nínú D50 sí D89. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn jẹjẹrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, C91 sí C95. Ọmọ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá ti ìyá rẹ̀ mu, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń bàjẹ́, P55 ni tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé HIV ló ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, B23.2 ni. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá jà ń gba kóòdù méjì: ti jẹjẹrẹ, tó ní àmì ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló ń ṣíwájú, D63.0 tó ní àmì ìràwọ̀ sì ń tẹ̀lé e. Kóòdù oníràwọ̀ kì í dá rìn. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ìràwọ̀ nìkan lórí fáìlì, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti gbàgbé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Oyún ló lágbára jù nínú wọn. Orí oyún máa ń gba iwájú lọ́wọ́ orí ẹ̀jẹ̀, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ aboyún kan ẹ̀mí méjì, àwọn tó ń ka ikú abiyamọ sì gbọ́dọ̀ rí i níbi tí wọ́n ń wò. O99.0 ni kóòdù rẹ̀. Kóòdù ẹ̀jẹ̀ yóò wá tẹ̀lé e láti sọ irú àìtó tí ó jẹ́: D50.9 bí ó bá jẹ́ èròjà irin, D57 bí ó bá jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde.

ICD-11 náà ti dé. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní WHO gbà á wọlé ní 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2022. Lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é láti lò, 3A51 sì ni fòníkú-fọ̀ladìde nínú rẹ̀, tí AS wà ní 3A51.0. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ló yí padà. Àwọn ìbéèrè mẹ́ta tí a ń bi fáìlì wà bí wọ́n ṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká fi fáìlì kan dán ara wa wò, kí oníkálùkù mú bírò. Aboyún ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó wá láti Ìlasamàjà, oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ń dùn ún láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ara rẹ̀ gbóná. Dókítà kọ ọ́ pé "known sickler", kíráísìsì nínú oyún, ibà falciparum, PCV 18. Èsì jẹ́nótáìpù tó ti wà nínú fáìlì kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ kankan sí i lára ni SC.

Ìṣòro eegun ló gbé e wá, ṣùgbọ́n aboyún ni, nítorí náà O99.0 ló ṣíwájú. Ohun tó tẹ̀lé e ni D57.2, kì í ṣe D57.0, nítorí pé SC ni, ìwé WHO kò sì pín D57.2 sí ti kíráísìsì àti ti àìsí kíráísìsì. Ibà nínú oyún ní ilé tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oyún, O98.6, B50.9 yóò sì dúró tì í láti sọ irú ibà náà. Bí láàbù bá rí kòkòrò ibà láì dárúkọ irú rẹ̀, tí dókítà náà kò sì dárúkọ rẹ̀, B54 ni yóò bọ́ sí ipò B50.9, títí dókítà yóò fi dá ìbéèrè yín lóhùn.